Pẹ́ẹ̀gì Áńgẹ́lì

Kí Cornelius tó bí Mọ́rìnọ́lá nínú, pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ sórí okùn ló kọ́kọ́ bí i nínú. Alágbàfọ̀ ni Mọ́rìnọ́lá ní Òkè Baálẹ̀, ní Òṣogbo, aṣọ funfun nìkan ló sì ń gbà. Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni o. Ẹ lè fi ọṣẹ bó aṣọ funfun títí, kí ẹ kán búlúù sí i, kí ẹ fi sítáàṣì sí i, kó máa dán gbinrin lójú oòrùn. Ibi tí pẹ́ẹ̀gì ti bà á jẹ́ ni oníbàárà máa kọ́kọ́ wò.

Pẹ́ẹ̀gì oníke tí wọ́n ń tà lọ́jà, oòrùn díẹ̀ báyìí, ó ti ṣẹ́. Onígi ńkọ́? Wáyà ló wà nínú tiẹ̀, wáyà náà á sì dógùn-ún, á fi àmì pupa sí èjìká aṣọ. Lọ́jọ́ tó ba ìró àlà Yèyé Àpìkẹ́ jẹ́, tí ọdún Ọ̀ṣun ku ọ̀la, ìyá náà tẹ́ aṣọ náà síwájú Mọ́rìnọ́lá, ó ní:

"Ṣé mo ní kí o fọ̀ ọ́ ni, àbí mo ní kí o fi nu ọkọ́?"

Yèyé Àpìkẹ́ ni olórí àwọn obìnrin olọ́ṣun, aṣọ funfun àwọn obìnrin wọ̀nyí ló sì ń gbé ìkòkò kaná nílé Mọ́rìnọ́lá àti Tiwátọ́pẹ́ ọmọ rẹ̀. Mọ́rìnọ́lá kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó dìde, ó kó gbogbo pẹ́ẹ̀gì tó wà lórí okùn, ó dà wọ́n sínú iná, ó sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi jó tán.

Ẹ wá wo ìjà láàárín obìnrin àti igi. Ó kọ́kọ́ la ọparun, ó há aṣọ sí àárín rẹ̀. Ọparun fa òwú aṣọ yọ. Ó sọ ọ́ nù, ó ṣépè fún un. Ó lọ ṣa àjákù pákó arère ní sọ́ọ̀mìlì, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ méjì tó gùn tó ìka ọwọ́, ó fi kókó igi kékeré sí àárín wọn kí wọ́n lè ṣeé tẹ̀ nídìí kí ẹnu wọn sì yà. Ó gé rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi dì wọ́n pọ̀. Rọ́bà náà yọ dúdú sí aṣọ. Ó tì í sẹ́yìn, síbi tí aṣọ ò lè dé. Ọyẹ́ dé, atẹ́gùn já aṣọ bọ́ sórí ilẹ̀ pupa, ó tún gbogbo rẹ̀ fọ̀. Ó bú igi, ó bú rọ́bà, ó bú ọyẹ́.

"Màámi, ta lẹ tún ń bú?" Tiwátọ́pẹ́ bèèrè láti inú ilé. Ó bú òun náà mọ́ wọn.

Àṣé okùn ni kò ríbi jókòó! Ó gbẹ́ kòtò róbótó sí ẹnu pẹ́ẹ̀gì náà kí okùn lè wọnú ibẹ̀, ó bá parí. Atẹ́gùn fẹ́, aṣọ fò sókè fò sódò, pẹ́ẹ̀gì ò yẹsẹ̀. Yèyé Àpìkẹ́ yẹ èjìká aṣọ rẹ̀ wò, kò rí àléébù kankan.

"Ta ló bá ọ ṣe pẹ́ẹ̀gì yìí?"

"Èmi ni mo ṣe é, Yèyé."

"Ìwọ?"

"Èmi ni mo ṣe é."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Mọ́rìnọ́lá lẹ́nu débi pé ó ń tún un sọ níbi ìdáná. Láti ọjọ́ tó ti ń fọ aṣọ, iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń fọ̀. Kò sí nǹkan kan láyé yìí tó tíì nawọ́ sí rí pé òun lòun ṣe é.

Ọ̀bẹ ìdáná kò lè gbẹ́ èyí tí gbogbo ìlú máa lò. Ó bá gbé pẹ́ẹ̀gì kan lọ sí Iléṣà, ìlú bàbá rẹ̀, sọ́dọ̀ Cornelius, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Káfíńtà tó tó káfíńtà pè ni, ó ní ẹ̀rọ tí ń la igi, àga àti ìlẹ̀kùn àwọn ọlọ́lá ló ń kàn. Cornelius yí pẹ́ẹ̀gì náà sọ́tùn-ún sósì, ó fi há etí ẹ̀wù ara rẹ̀.

"Mọ́rìn, ìwọ lo ronú kan èyí?"

"Èmi ni, bọ̀ọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, arère ni kí ẹ fi ṣe é o. Ẹ má fi igi mìíràn ṣe é."

"Arère!" Cornelius bú sẹ́rìn-ín. "Igi pósí tálákà! Fi í síbẹ̀. Màá ránṣẹ́ sí ọ."

Kò ránṣẹ́. Mọ́rìnọ́lá ń retí, ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ìwọ̀nba tí òun fúnra rẹ̀ ń lò. Òjò ọdún 1996 ti ń rọ̀ nígbà tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ kan, tí ọkọ̀ wọn dúró ní oríta Iwaraja. Obìnrin kan na nǹkan sí i lójú fèrèsé.

"Ẹ ra pẹ́ẹ̀gì áńgẹ́lì o! Pẹ́ẹ̀gì tí kì í dógùn-ún!"

Mọ́rìnọ́lá gbà á. Rọ́bà lẹ́yìn. Kòtò róbótó lẹ́nu.

"Ta ló ṣe é?"

"Háà, ẹ ò tíì gbọ́ ni? Bọ̀ọ̀dá Cornelius, káfíńtà Iléṣà. Áńgẹ́lì ló fi hàn án lójú àlá. Ó jẹ́rìí sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ ló jó."

Ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́! Òṣogbo ni ọkọ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n Iléṣà ni Mọ́rìnọ́lá sọ̀ sí, pẹ́ẹ̀gì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù Cornelius láìkí ẹnikẹ́ni.

"Bọ̀ọ̀dá Cornelius, áńgẹ́lì wo ló ń fọṣọ ní Òkè Baálẹ̀?"

Cornelius fà á wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kíá. "Rọra sọ̀rọ̀, oníbàárà wà ńbẹ̀. Mo lálàá lóòótọ́."

"Ẹ lálàá! Lẹ́yìn tí mo ti gbé e fún yín lọ́wọ́? Áńgẹ́lì yẹn mà pẹ́ kó tó dé o!"

"Mọ́rìn, mo ti jẹ́rìí. Wọ́n ti bá mi dúpẹ́. Ṣé o wá fẹ́ kí n padà lọ sọ fún ìjọ pé mo parọ́ mọ́ Ọlọ́run ni?"

"Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀! Ṣebí irọ́ lẹ pa!" Ó gbé pẹ́ẹ̀gì náà sókè. "Ẹ tún wá fi igi àpá ṣe é."

"Àpá kì í jẹrà, kòkòrò ò lè jẹ ẹ́. Mo bu iyì kún un fún ọ ni."

"Bí omi bá kan àpá, ó ń da omi pupa rúsúrúsú. Aṣọ ni wọ́n máa fi há o, bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe ìlẹ̀kùn."

Cornelius ní òun ò ráyè, òun ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Màmá Susannah, àbúrò bàbá àwọn méjèèjì, tó jẹ́ àgbà obìnrin nínú ìjọ Cornelius, ló wá pe Mọ́rìnọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ mi, a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Gbé e mì." Nítorí ìyá yìí, Mọ́rìnọ́lá gbé e mì. Ó há a lọ́fun títí dé Òṣogbo.

Ìkórè dé ní ìjọ Cornelius. Àwọn akọrin rán aṣọ funfun tuntun, wọ́n fọ̀ ọ́, pẹ́ẹ̀gì áńgẹ́lì ni wọ́n fi há a sórí okùn, òjò sì pa á síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa ká a, kò sí èjìká aṣọ kan tí kò ní àmì rúsúrúsú tọ̀tún tòsì. Wọ́n fọ̀ ọ́, kò lọ. Wọ́n sè é, ó tún le sí i. Silas, olórí akọrin, kó aṣọ náà lọ bá Cornelius, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, irú áńgẹ́lì wo rèé?"

Ẹ gbọ́ ohun tí àgbàlagbà ṣe. Cornelius dìde nínú ìjọ lọ́jọ́ ìsinmi, ó tún jẹ́rìí. Ó ní ọ̀tá ti dá sí àlá òun. Ó ní obìnrin kan ló gbé àpẹẹrẹ pẹ́ẹ̀gì náà wá fún òun láti Òṣogbo, Mọ́rìnọ́lá ni orúkọ rẹ̀, aṣọ àwọn olóòṣà ló ń fọ̀, ọwọ́ wọn ló ti gbà á. Nígbà tó dára, áńgẹ́lì ló ni ín. Nígbà tó bàjẹ́, ó di ti Mọ́rìnọ́lá. Ẹ gbà mí o! Orúkọ tó sẹ́ nígbà ijó, òun ló ń pariwo rẹ̀ nígbà ẹ̀sùn.

Iléṣà sí Òṣogbo kò jìnnà fún ọ̀rọ̀ burúkú. Yèyé Àpìkẹ́ kó àwọn obìnrin rẹ̀ dé, wọ́n sì ń já aṣọ wọn lórí okùn Mọ́rìnọ́lá ní tútù, omi ń ro tó-tó-tó.

"O lọ sọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì pé àwa olọ́ṣun la kọ́ ọ ní ohun tó ń ba aṣọ jẹ́?"

"Yèyé, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rárá! Cornelius ló—"

"Àbí kì í ṣe ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ sọ fún mi pé ìwọ lo ṣe é?"

Mọ́rìnọ́lá mọ̀ pé òótọ́ ni. Òun ló ṣe é, kò sì ní í sẹ́ ẹ láéláé, kódà pẹ̀lú bí okùn rẹ̀ ṣe ṣófo yìí. Ó rí i pé àfi kí Cornelius fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, níbi tó ti parọ́ gan-an, pé iṣẹ́ Mọ́rìnọ́lá ni pẹ́ẹ̀gì, pé òun lòun fi igi tòun bà á jẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí aṣọ funfun tó máa tún wọ ilé Mọ́rìnọ́lá mọ́. Ó bí ara rẹ̀ pàápàá nínú, nítorí pé ó ti gbé e mì nígbà tó yẹ kó pọ̀ ọ́ jáde.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Cornelius ní Iléṣà bí wọ́n ti ń ṣe, ó jókòó lẹ́yìn. Nígbà tí pásítọ̀ ní, "Ta ló tún ní ẹ̀rí?", ó rìn lọ síwájú.

"Orúkọ mi ni Mọ́rìnọ́lá, láti Òkè Baálẹ̀. Èmi ni mo ṣe pẹ́ẹ̀gì yẹn. Arère ni mo fi ṣe é. Cornelius ló fi àpá—"

Silas bá dá orin. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é: bí ẹ̀rí ẹnìkan bá ń gba ọ̀nà tí kò yẹ, halelúyà ni wọ́n máa fi bo ẹnu rẹ̀. Gbogbo ìjọ gbè é. Mọ́rìnọ́lá ń pariwo, "Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀!" Agogo ń dún, àtẹ́wọ́ ń ró, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Cornelius náà ń pàtẹ́wọ́, ó dijú.

Nígbà náà ni Mọ́rìnọ́lá ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó kọjú sí ibi tí Cornelius jókòó, ó lóṣòó.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nígbà ayé àwọn bàbá wa, bí oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà bá lọ gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, kì í gba àga, kì í gba omi. Ó máa ń lóṣòó síwájú ẹni náà ni. "Òṣó mà á ló" ni yóò wí, kò sì ní í dìde títí wọn ó fi dá a lóhùn. Kò sí ọmọ Ọwá tí kò mọ̀ ọ́n. Ìlú onílùú ni wọ́n ti ń lọ fi ṣe ẹlòmíràn. Ta ló rí i rí kí wọ́n fi ṣe Ìjẹ̀ṣà, níwájú pẹpẹ?

Orin parí, ó wà níbẹ̀. Silas dá òmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò gbè é mọ́. Wọ́n ń wo obìnrin tó lóṣòó, wọ́n ń wo Cornelius. Àwọn ọ̀dọ́ wo ẹnu àwọn àgbà, àwọn náà dákẹ́. Ó ku Silas nìkan, ohùn rẹ̀ wá rọ lọ́nà ọ̀fun.

Màmá Susannah fi ọ̀pá kan ilẹ̀.

"Cornelius. Wọ́n lóṣòó tì ọ́, o sì jókòó. Dìde kí o dá a lóhùn, kí o má kó ìtìjú bá bàbá rẹ ní sàréè."

Cornelius dìde. Ó wo pásítọ̀, pásítọ̀ wo ilẹ̀.

"Òun ló ṣe é," ó sọ ọ́ sínú agbádá rẹ̀.

"Igi ńkọ́?" Mọ́rìnọ́lá ò tíì dìde.

"Mọ́rìn, ó tó báyìí."

"Igi ńkọ́, bọ̀ọ̀dá?"

"Èmi ni mo fi àpá ṣe é. Ó ti kìlọ̀ fún mi."

"Áńgẹ́lì ńkọ́?"

Ìyàwó Cornelius fi gèlè bojú.

"Kò sí áńgẹ́lì kankan," ni Cornelius wí.

Mọ́rìnọ́lá rọra dìde. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ sáré wá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Arábìnrin, Ọlọ́run ti ṣe é lógo. Ẹ dárí jì í, kí ẹ dì mọ́ ara yín níwájú ìjọ."

Mọ́rìnọ́lá fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

"Pásítọ̀, mi ò wá dì mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti sọ ọ́ níhìn-ín, ó kù kó sọ ọ́ fún Yèyé Àpìkẹ́. Òun ló kó aṣọ lórí okùn mi. Kí ó tẹ̀ lé mi lọ sí Òṣogbo."

"Sílé olọ́ṣun?" Cornelius ní. "Lónìí ọjọ́ ìsinmi? Mọ́rìn, jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mọ́rìnọ́lá ò bá a jiyàn. Ó ká ìró rẹ̀, ó tún lóṣòó.

Cornelius wo Màmá Susannah, ìyá náà tún fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Cornelius bá jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó lọ wá bàtà rẹ̀.