Orúkọ Tó Wà Lórí Lẹ́tà

"Ó tún ti dá lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì wa padà, sà," ni oníkọ̀ǹpútà wí. Wáyà ni gbogbo ilé-ìtẹ̀wé náà ń pè é, nítorí òun nìkan ló mọ ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan gbà wọlé.

Máníjà dúró gbagidi sẹ́yìn rẹ̀. "Kí ló tún ń fẹ́?"

"Àwọn tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Láti àná, wọn ò gba lẹ́tà lọ́wọ́ sáfà wa, ẹ̀rọ tó ń bá wa fi lẹ́tà ránṣẹ́, mọ́, àfi kó kọ́kọ́ sọ orúkọ àti páásíwọ́dù. Tiwa ti sọnù. Wọ́n ní ó di ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó fún wa ní òmíràn."

"Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Tó bá ti lu aago méjìlá, àwọn tó fẹ́ gbé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńlá yẹn síta ò ní gba ìwé tí a fi ń du ú mọ́. Bí a bá pàdánù rẹ̀, ilé ni gbogbo wa máa lọ jókòó sí. Ṣebí àwọn oníńtánẹ́ẹ̀tì yẹn náà lo ń lò nílé? Fi orúkọ àti páásíwọ́dù tìẹ sí i."

Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Wáyà fi tirẹ̀ sí i, wọ́n sì gbà á. Ó fi lẹ́tà kan dán an wò sórí fóònù ara rẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Ẹni tó ni páásíwọ́dù ni wọ́n kà sí ẹni tó kọ lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà mẹ́tàlélógójì ló tò sílẹ̀ tó ń dúró.

Ó yẹ orúkọ àwọn tí àwọn lẹ́tà náà ń lọ bá wò. Ọ̀kan ń lọ sọ́dọ̀ alákòóso sítọ́ọ̀. Àkọlé rẹ̀ ni: Ìdádúró Lẹ́nu Iṣẹ́.

Alákòóso sítọ́ọ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó Wáyà. Òun ló bá a tọrọ iṣẹ́ yìí nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, wọ́n ní bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tó wá fi orúkọ ara rẹ̀ lé olóore rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ̀rù ba Wáyà gan-an.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n yọ ẹyọ kan sílẹ̀."

"O ti ń ka lẹ́tà mi nìyẹn?"

"Àkọlé nìkan ni mo rí."

"Gbogbo ẹ̀ ni kó lọ. Bí o bá yọ ẹyọ kan, ìwọ náà á gba tìẹ."

Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Wáyà wo aago, ó dìde. Máníjà ń pè é, kò wẹ̀yìn.

Àna rẹ̀ ń ka páálí nínú sítọ́ọ̀. Wáyà lóṣòó tì í. "Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà kan ń bọ̀ wá bá yín. Wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, àmọ́ orúkọ mi lẹ máa rí níbẹ̀, ọwọ́ mi náà ló sì máa fi í ránṣẹ́."

Ọkùnrin náà gbé páálí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó lé e.

"Ìwé tí a fi ń du iṣẹ́ yẹn náà wà lára àwọn lẹ́tà tó ń dúró?"

"Ó wà níbẹ̀, sà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ."

"Kí lo wá ń lóṣòó ṣe? Dìde, lọ fi í ránṣẹ́." Nígbà tí Wáyà dé ẹnu ọ̀nà, ó tún pè é. "Má tíì sọ fún àbúrò mi. Jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ fún un."