Nítorí Òtútù

Olùkọ́ Miao Shuqin fa bírò pupa kọjá ìdáhùn náà gbọọrọ, ó sì kọ òdo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè náà gba máàkì mẹ́fà. Ohun tí ọmọbìnrin náà kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: "Ẹ̀rù bà á. Ó pariwo 'Ikàn!' kí ẹnì kejì má baà mọ̀." Miao kò tilẹ̀ ka ìyókù.

Kò sí ikàn kankan nínú àyọkà náà. Ìtàn ayàwòrán oníkámẹ́rà kan ni, Lu Hanzhang, tó bá àwọn olùṣèwádìí gun òkè yìnyín ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Yìnyín là mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó já sínú kòtò, okùn tó so ó mọ́ ẹni tó ń bá wọn ru ẹrù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa onítọ̀hún lọ sẹ́nu kòtò. Lu so àpò fíìmù rẹ̀ mọ́ okùn lókè orí ara rẹ̀, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó sì gé okùn nísàlẹ̀ àpò náà. Ìbéèrè náà ni: Ẹ ṣàlàyé ìwà ayàwòrán yìí. Ìdáhùn mẹ́ta ni wọ́n tẹ̀ fún àwọn olùkọ́: ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, kò bẹ̀rù, ó fi ara rẹ̀ rúbọ. Méjì, méjì, méjì.

Ó dun Miao, nítorí He Yuting ló ni ìwé náà. Àyè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan ṣoṣo ni yunifásítì ní Lanzhou fún ilé ẹ̀kọ́ wọn, ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ló ni ín, aago mẹ́rin ọ̀sán yìí ni wọn yóò sì lẹ orúkọ mọ́ ògiri. Máàkì mẹ́rin ni Yuting fi wà lẹ́yìn ẹni kìíní. Miao ránṣẹ́ pè é.

"Ṣé o fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ikàn wá di ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìdánwò?"

"Rárá o, Olùkọ́. Bàbá àgbà ló sọ ọ́ fún mi."

"Bàbá He tó ń ṣọ́ géètì? Àbí òun ló kọ àyọkà náà?"

"Òun ló ru ẹrù, Olùkọ́."

Ọdún mẹ́sàn-án ni Miao ti ń kí bàbá náà láràárọ̀ tó sì ń kọjá lọ. Ó bá a nínú yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ géètì, ó ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán, ó sì ń fi igi ìjẹun ṣa ikàn jáde sórí ìdérí abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ tí àwọn alásè ti ń fi bàbá ṣe ẹlẹ́yà nítorí èyí.

"Lu ò lè ṣe kó má ṣàwàdà," ni Bàbá He Desheng wí nígbà tí Miao bi í léèrè. "Bó bá fẹ́ ya wá ní fọ́tò, á ní 'Ikàn!' bíi gbogbo ayàwòrán, gbogbo wa á fẹyín. Lọ́jọ́ náà, ó gbójú sókè wò mí látinú kòtò. 'Desheng! Ikàn!' Mo fẹyín. Ó ti mọ́ mi lára. Kí n tó pa ẹnu dé, okùn ti fúyẹ́ lọ́wọ́ mi."

Miao tún bi í pé, "Ẹ̀rù bà á lóòótọ́, Bàbá?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ọ̀bẹ fẹ́ẹ̀ bọ́. Mo sọ fún ẹni tó wá gbọ́ ìtàn. Ó kọ ọ́ lóòótọ́, ó wá fi 'nítorí òtútù' sí i. Ó ní akọni kì í gbọ̀n."

Miao padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó sì tún gbé ìwé Yuting. Lábẹ́ ilà pupa tó fà, gbólóhùn kẹta wà níbẹ̀: "Ẹ wo ìpínrọ̀ kẹta àti ìkeje." Ó wò ó. Nínú ìkeje, ọwọ́ Lu ń gbọ̀n nítorí òtútù. Nínú ìkẹta, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ń pààrọ̀ fíìmù nínú ìjì fún odidi wákàtí kan, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mì rárá. Ọdún mélòó ni òun fi ń kígbe mọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n ka gbogbo ìlà? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ojú tì í gidigidi. Bí ẹ̀rù kò bá ba ọkùnrin náà, kí ló wá fi rúbọ nígbà tó gé okùn?

"Níbo ni 'kò bẹ̀rù' wà níbí?" Ọ̀gá Duan, olórí àwọn olùmáàkì, béèrè.

"Kò sí níbẹ̀, sà."

"O wá fún un ní mẹ́fà? Bí àwọn ti ìpínlẹ̀ bá béèrè ńkọ́?"

"Ẹ ní kí wọ́n ka ìpínrọ̀ kẹta." Ó buwọ́ lùwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́fà náà, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún.

"Ọrùn tìrẹ ló máa wà o," ni Duan wí, ó sì yí orúkọ tó wà lókè ìwé èsì padà sí ti Yuting.

Ní aago mẹ́ta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́ tò sórí àtẹ̀gùn fún fọ́tò ìdágbére. Yuting ń fa bàbá àgbà rẹ̀ lápá aṣọ pé kó wá bá wọn yà. Bàbá ń sọ ohun tó máa ń sọ lọ́dọọdún, pé ta ni yóò ṣọ́ géètì. Miao lọ ti géètì fúnra rẹ̀, ó padà wá jókòó ti bàbá náà. Ayàwòrán tí ilé ẹ̀kọ́ pè gbé orí pamọ́ sẹ́yìn kámẹ́rà, ó na ọwọ́ kan sókè.

"Ẹ wò mí o! Ení, èjì... Ikàn!"

"Ikàn!" ni gbogbo wọn hó. Miao nìkan ló yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá He fẹyín, ojú rẹ̀ dúró gbagidi sára kámẹ́rà náà. Àwọn ọmọ ti ń tú ká, wọ́n ń ti ara wọn sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Bàbá kò tíì pa ẹnu dé. Ìgbà tí ayàwòrán náà gbé orí jáde lẹ́yìn kámẹ́rà, tó sì nu ojú rẹ̀, ló tó pa á dé.