Alásè Tí Kì Í Pa Iṣẹ́ Jẹ

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni olórí alásè ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ti ń dáná, kò pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó máa ń fi í yangàn, àfi bí ẹni pé òun nìkan ló ní ọwọ́ méjì. Àṣejù sì ni baba àṣetẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń sinmi nílé, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru kọlù ú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, gbogbo rẹ̀ ti dá, ara ti yá. Ó wọ bàtà, ó di ibi iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná bó ti máa ń ṣe láràárọ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Màmá. Láti ọjọ́ méjì, kò sí èébì, kò sí inú rírun?"

"Èmi kẹ̀? Ṣé mo jọ aláìsàn lójú yín ni?"

Irọ́ ni, ó sì mọ̀. Nọ́ọ̀sì yìí kan náà ló kọ́ wọn pé fáírọ́ọ̀sì tó ń fa èébì kì í tètè palẹ̀ mọ́. Bí ara bá tiẹ̀ ti yá, ó ṣì lè ti ọwọ́ alásè bọ́ sínú oúnjẹ, ó kéré tán fún ọjọ́ méjì. Ẹni tó lágbára á bọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi ara arúgbó lè gbẹ kí á tó wí.

Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ní ìyẹn ti tó. Ṣùgbọ́n ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀. Nígbà tí ọbẹ̀ hó, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Iyọ̀ tó. Ọwọ́ yẹn náà ló fi wọ́n ewé tútù sórí abọ́ kọ̀ọ̀kan.

Abọ́ àkọ́kọ́ kì í lọ síbòmíràn ju ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ lọ, tó ń gbé níbẹ̀, tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Bàbá gbé ṣíbí pẹ̀lú ọwọ́ tó ti rù kan eegun. Ọmọ wo ọwọ́ náà, ó wo tirẹ̀ tó ṣì rin fún ọbẹ̀, ó sì ké:

"Bàbá, ẹ má jẹ ẹ́!"

Ó gba ṣíbí náà. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé.

"Irọ́ ni mo pa láàárọ̀," ló sọ fún nọ́ọ̀sì. "Àná ni mo bì bí ẹni tó máa kú."

Nọ́ọ̀sì kò bá a jà. Wọ́n da ọbẹ̀ nù, wọ́n pín búrẹ́dì inú ọ̀rá fún àwọn arúgbó, wọ́n ní kó lọ sinmi títí di Ọjọ́bọ̀. Ojú tì í, ó sì ń sunkún.

"Ọdún mọ́kànlá, Bàbá. Mi ò pa iṣẹ́ jẹ rí."

Bàbá rọra ń jẹ búrẹ́dì.

"Èmi pa iṣẹ́ jẹ rí," ló wí. "Ọjọ́ tí wọ́n bí ọ ni. Ọ̀gá mi pariwo títí. Kò dùn mí dòní."