Ìró Ilé

Kí irin ẹ̀rọ ìdálu tó wọ ògiri ni obìnrin onísípíkà ti mọ̀ pé inú ibẹ̀ ṣófo. Ó ká ìka, ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹta: kó, kó, kó. Bó ṣe ń dún nìyẹn ní ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin máa ń ránṣẹ́ síra wọn láti yàrá kan sí èkejì.

"Ọmọ mi, ó jọ pé o mọ ilé yìí ju èmi tí mo ni ín lọ," Màmá onílé sọ láti ìsàlẹ̀ àkàbà.

"Iṣẹ́ ni, mà," ó fèsì.

Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ni. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí bàbá rẹ̀ ta ilé náà, tí wọ́n kẹ́rù jáde. Nígbà tí Màmá pè é lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kó wá fi sípíkà sí gbogbo yàrá, tó sì dárúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ilé, ẹnu rẹ̀ ti gbà kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀.

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá. Láàárọ̀, nígbà tí onísípíkà to oríṣi sípíkà méjì sórí tábìlì pálọ̀, ṣe ni Màmá ń fi àtẹ́lẹwọ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan nídìí bí ẹni gbé ìkókó. Ó gbé èyí tó dà bí àpótí sílẹ̀ kíá.

"Eléyìí á gba eruku. Ta ni yóò máa gun òkè lọ nù ún? Wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé àwọn arúgbó nìyí o. Àwọn pẹlẹbẹ yìí ni kó o rì sínú àjà fún mi. Kí n má rí wọn, kí n ṣáà máa gbọ́ wọn."

Ọkọ rẹ̀ ló ń torí rẹ̀ ṣe é. Ó ti di ọdún méjì tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Bàbá dùbúlẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn. Màmá fẹ́ kí orin ìgbà èwe wọn gba ilé kan, bóyá ara ọkọ òun á tún yá gágá.

Yàrá ẹ̀yìn yẹn ni onísípíkà fi kágbá iṣẹ́ nílẹ̀. Ó ti parí pálọ̀ àti ilé ìdáná; ó tilẹ̀ tún wáyà balùwẹ̀ fà lẹ́ẹ̀mejì láìnídìí. Nínú yàrá yẹn ni ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn sí fún oṣù mẹ́rìnlá kó tó kú.

Nígbà tó wọlé, ó kí Bàbá, ó gun àkàbà, ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìwo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí ibùsùn ìyá rẹ̀ máa ń wà. Ó tan orin. Màmá wọlé, ó mi èjìká lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀. Bàbá mirí.

"Orin kọ́," ó sọ. Ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ìró ilé ni... mo fẹ́ gbọ́. O máa ń tilẹ̀kùn. N kì í mọ ìgbà tó o jáde."

"Mo ń tì í kí ẹ lè sinmi ni!"

"Mo ti sinmi tó."

Onísípíkà di àkàbà mú. Ohun tó gbọ́ kì í ṣe ohùn Bàbá yìí mọ́, ohùn bàbá tirẹ̀ ni, èyí tí gbogbo àdúgbò torí rẹ̀ ń pè é ní Sán-bí-Àrá. Láti ilé ìdáná ni yóò ti máa ké: "Mo ti gbé omi kaná o! Mo ń gé àlùbọ́sà, ojú ń ta mí o! Ọmọ rẹ ti ti ilé ìwé dé, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ̀ bọ̀!" Àwọn ọmọ kíláàsì onísípíkà a máa sín bàbá rẹ̀ jẹ. Ìtìjú mú un títí tó fi sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá mi, ẹ rọra. Àwọn èèyàn ń gbọ́ wa." Bàbá rẹ̀ kàn wò ó, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìyá kú, ohùn náà wálẹ̀. Ó sì ti rò láti ọjọ́ yìí wá pé bàbá òun gba ìmọ̀ràn ni.

Onísípíkà sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Ó ní kí Màmá jẹ́ kí òun fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gba ohùn sí ilé ìdáná, òmíràn sí pálọ̀, kí ìró ibẹ̀ lè máa dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Nígbà tó so wọ́n tán, Màmá dúró níwájú sítóòfù bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n pè síwájú kíláàsì.

"Kí ni kí n wá sọ?"

"Ohun tí ẹ bá ń ṣe, mà."

"Mo... mo ń wá ṣúgà." Ó yí agolo mẹ́ta wò. "N ò rí i o! Àbí ẹ̀yin lẹ tún ní kí ẹnìkan bá yín bù ú lá?"

Ẹ̀rín Bàbá ti yàrá ẹ̀yìn wá, ó rọra ń hó bí omi orí iná. Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ṣì ń wá ṣúgà.

Nígbà tí onísípíkà kó irinṣẹ́ sínú ọkọ̀ tán, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin yẹn. Ó sọ ibi tó ti wá ṣiṣẹ́ fún un, ó sì sọ ti Bàbá onílé tó fẹ́ máa gbọ́ ìró ilé.

"Ìyá rẹ ló ní kí n máa ké bẹ́ẹ̀," bàbá rẹ̀ sọ. "Ó ní tóun bá ti gbọ́ ohun tá à ń ṣe, bíi pé òun náà ń bá wa rìn kiri ilé ni."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ọmọdé ni ọ́ nígbà yẹn. Kó o rò pé bàbá rẹ ni ò mọ̀wàá hù sàn ju kó o mọ̀ pé ìyá rẹ ò ní dìde mọ́."

Onísípíkà gbé orí ti ìjókòó ọkọ̀.

"Bàbá mi," ó sọ, "kí lẹ ń ṣe lọ́wọ́ báyìí?"

"Èmi? Mo kàn jókòó ni."

"Níbo? Kí lẹ ń wò?"

Bàbá rẹ̀ ṣe hùn-ùn, bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ohun tí kò múra sílẹ̀ fún. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, àwọn aṣọ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n sá sórí okùn, adìẹ kan tí kò jẹ́ kí òun gbádùn. Onísípíkà ò tíì tan ọkọ̀. Ó ń wá ìgbà tí òun bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, kò sì rí ìkankan.