Ojú Màmá Jùmọ̀kẹ́ lára Lọ́fínńdà

Ọ̀rọ̀ kóòtù ti sú Adébùkọ́lá. Ó ti pẹ́ tó ti pe ilé-iṣẹ́ kan lẹ́jọ́ nítorí lọ́fínńdà abíyá, irú èyí tó le bí ọṣẹ, tí wọ́n ń yí ìdí ike rẹ̀ kó tó yọrí. Ike náà ga, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé ó kún dẹ́nu. Nígbà tí tirẹ̀ ń yára tán ṣáá, ó jókòó nílé rẹ̀ ní àdúgbò Ogida, ó fi ayùn là á sí méjì.

Bí wọ́n ṣe ṣe é wá yé e. Ọ̀pá ike kan wà láàárín, ó ní ìlà yíká bí ìdí gílóòbù. Béèyàn bá ti ń yí ìdí, ọ̀pá yìí á máa ti àwo kékeré kan sókè, orí àwo ọ̀hún ni lọ́fínńdà jókòó sí. Iṣẹ́ náà wù ú wò. Ṣùgbọ́n láti abẹ́ àwo dé ìsàlẹ̀, òfìfo ni.

Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ ní ta ló mọ ohun tó ti gbẹ́ jáde kó tó gbé e wá. Adájọ́ wá ní kó mú èyí tẹ́nikẹ́ni ò tíì ṣí wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á da ẹjọ́ náà nù. Ilé-iṣẹ́ sì ti pààrọ̀ ike. Adébùkọ́lá wá irú ti àtijọ́ ní Ọjà Ọba, ó wá a dé Sapele Road, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Kò rí i.

Ìgbà náà ló rántí Màmá Jùmọ̀kẹ́, ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀, lọ́fínńdà yìí ló pín fún èèyàn, ó lẹ àwòrán ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹyọ kan ṣì wà nílé rẹ̀.

"Màá fún ọ," ni Màmá wí, "àmọ́ sítíkà mi ò ní kúrò níbẹ̀ o."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, kóòtù ni mò ń gbé e lọ. Òróró ni mo fẹ́ fi ra á, á rọra ṣí."

"O fẹ́ bó mi lójú? Bí ojú mi ò bá lọ, lọ́fínńdà mi náà ò lọ."

"Ó tiẹ̀ tóbi jù, mà. Ó ti gun orí ìdérí."

"Ife ìmumi ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún! Mo bá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jà títí, ọ̀fun dùn mí. La bá lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Adébùkọ́lá ò lókun àtijiyàn. Ó gbé e bó ṣe wà.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, Màmá tẹ̀ lé e, gèlè inú àwòrán ló sì wé. Akọ̀wé kóòtù wo ike, ó wo Màmá.

"Mama, na you be this?"

"Èmi ni, ọmọ mi. Na me."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ dìde. "Olúwa mi, ọwọ́ wọn ló ti wá. Ta ló mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣí i?"

Adájọ́ gba ike náà, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó fi èékánná tọ ibi tí ìdérí ti pàdé ara ike.

"Sítíkà yìí ti orí ìdérí dé ara ike, kò sì ya níbì kankan. Ọjọ́ ìdúpẹ́, tó ti ṣáájú ẹjọ́ yìí, wà lójú rẹ̀. Báwo lẹ ṣe máa ṣí ìdérí yìí tí kò ní fà á ya?"

Agbẹjọ́rò jókòó. Adébùkọ́lá rántí òróró tí ì bá fi ra á.

Adájọ́ ní ẹjọ́ ṣì wà. Àwọn á la ike náà lójú gbogbo èèyàn nígbà tí kóòtù bá ti ìsinmi dé.

"A ti borí!" ni Màmá ń pariwo níta.

"A ò tíì borí, mà. Wọ́n kàn ní ká máa bọ̀ ni."

Wọ́n dúró de ọkọ̀ nínú oòrùn. Aṣọ ti lẹ̀ mọ́ Adébùkọ́lá lẹ́yìn. Màmá fimú fa òórùn rẹ̀.

"Bùkọ́lá, kí lo wá ń fi sábíyá báyìí?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́, mà."

"Ìyẹn dáa. Gbogbo inú rẹ̀ ló kún."

Kò wu Adébùkọ́lá láti rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín já lẹ́nu rẹ̀. Ó gba àpò Màmá gbé, wọ́n wọ ọkọ̀.