Ìyá Ọkọ Lẹ́yìn, Aya Ọmọ Níwájú

Orúnkún Tage ló dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin ìrìn-àjò wọn, bí àwọn yòókù ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́ wọn ní Klitmøller, ìlú kékeré kan létí òkun, orúnkún bàbá náà ti wú bí ìyẹ̀fun tó gba ìwúkàrà. Inú ọkọ̀ tó ń kó ẹrù wọn ni yóò jókòó sí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ Tage kì í ṣe ti ẹnì kan. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni méjì ni: òun níwájú, Gudrun ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn, nítorí ojú Gudrun ti fọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án.

Preben, olórí ẹgbẹ́, wo ojú gbogbo wọn. "Ta ni yóò gbé Gudrun?"

Kálukú ń wo bàtà ara rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn Gudrun, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Maiken, ìyàwó Esben ọmọ Gudrun, náà ń wo bàtà tirẹ̀. Láti ọdún mẹ́fà tó ti wọ ilé wọn, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ kò jà rí, wọn kò sì jọ rẹ́rìn-ín rí. "Ẹ káàárọ̀, ó dàárọ̀" ni tiwọn. Esben ló bẹ̀ ẹ́ kó bá àwọn òbí òun lọ, nígbà tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun alára lè lọ.

Àfi bí ó ṣe gbọ́ ohùn ara rẹ̀: "Màá gbé wọn."

"Ìwọ?" ni Gudrun wí. "O ti wa irú ẹ̀ rí?"

"Rárá, Màmá."

"Kò burú. Èmi náà ò tíì kú lórí ẹ̀ rí."

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí Maiken fi tẹ bíréèkì lójijì nítorí àgùntàn kan. Imú Gudrun lọ kọlu ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ṣé odi ni ẹ́ ni? Tó o bá fẹ́ tẹ bíréèkì, wí! Tó o bá fẹ́ yà, wí! Bí rédíò ni Tage máa ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Mi ò ní kó o bẹ̀ mí. Mo ní kó o sọ̀rọ̀."

Maiken wá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tún. Òsì. Òkè ń bọ̀. Igi kan rèé.

"Irú igi wo?"

Maiken mí kanlẹ̀. "Páìnì ni. Ó kúrú, atẹ́gùn òkun ti tẹ̀ ẹ́ síwájú, bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé tó ń wá bàtà ẹ̀ nílẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni Maiken gbọ́ ohun kan lẹ́yìn rẹ̀ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ rí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín!

Láti ìgbà náà, kò sí màlúù tàbí ilé tí wọ́n kọjá tí kò ròyìn. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn. Preben padà wá wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, Maiken ní, "Ẹ máa lọ, a óò bá yín." Nígbà tí wọ́n dé ojú ọ̀nà tóóró Agger, tí òkun wà lápá ọ̀tún, tí omi mìíràn tún wà lósì, atẹ́gùn kọjú ìjà sí wọn. Itan Maiken ń gbóná bí iná.

"O ti ń mí bí ẹṣin," ni Gudrun wí. "Sinmi díẹ̀. Má yọ ẹsẹ̀ o, ṣáà jẹ́ kí n wà á."

Ṣéènì kan náà ló so ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì pọ̀. Maiken dẹwọ́, ó sì mọ̀ ọ́n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún náà ṣe ń gbé òun lọ, díẹ̀díẹ̀, láìsọ̀rọ̀. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní atẹ́gùn ni.

Wọ́n dé etí omi, ọkọ̀ ojú omi tó yẹ kó gbé wọn sọdá ti ṣí. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń juwọ́ láti orí rẹ̀. Ó ku wákàtí kan kí òmíràn tó dé. Àwọn méjèèjì fẹ̀yìn ti ògiri níbi tí atẹ́gùn kò dé, wọ́n pín búrẹ́dì dúdú tí wọ́n fi ẹ̀dọ̀ ẹran lílọ̀ pa lójú.

"Ojú mi ti fọ́ kí Esben tó mú ẹ wálé," ni Gudrun wí lójijì. "Mi ò mọ bó o ṣe rí."

"Ẹ ò bi í ni?"

"Mo bi í. Ó ní o rẹwà. Ṣé ìdáhùn nìyẹn? Láti wá bi ìwọ fúnra ẹ, ojú ń tì mí."

Maiken nu ẹnu rẹ̀. "Irun mi dà bí koríko gbígbẹ. Imú mi gùn, ti bàbá mi ni. Àmì kéékèèké kún ojú mi, àfi bíi pé wọ́n wọ́n kọfí sí i."

"Tó o bá wá ń bínú sí mi ńkọ́?"

"Ètè mi á fún pọ̀."

"Á jẹ́ pé ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti fún pọ̀ nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí búrẹ́dì fi bọ́ lọ́wọ́ Maiken. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó rọra wí pé, "Mo rò pé ẹ ò fẹ́ràn mi ni, Màmá. Ẹ kì í kọjú sí mi."

Gudrun yí ojú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá, ó kù díẹ̀ kó dojú kọ ọ́ gan-an. "Mi ò mọ ibi tó o wà ni. O máa ń dákẹ́ jù. Ẹni tó bá dákẹ́, lọ́dọ̀ tèmi, ó ti jáde nínú yàrá nìyẹn. Mo rò pé ìwọ lo máa ń sá fún mi."

Maiken mú ọwọ́ ìyá náà, tí òróró ẹ̀dọ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ó dì í mú títí ọkọ̀ fi dé.

Ní òdìkejì omi, ní Thyborøn, Tage ń dúró pẹ̀lú ọ̀pá, ojú rẹ̀ kún fún àníyàn. "Gudrun, ó ti rẹ̀ ẹ́. Wá bá mi jókòó nínú ọkọ̀."

"Kí n lọ jókòó ti báàgì? Maiken ti ní ilé aláwọ̀ pupa kan ń bọ̀, ajá sì wà lórí òrùlé ẹ̀. Mo fẹ́ mọ bó ṣe débẹ̀."

Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn. Tage dúró síbẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì, tí ọ̀kan ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ èkejì lẹ́nu, títí atẹ́gùn fi gbé ohùn náà lọ.