Ẹsẹ̀ Ẹ̀rọ Àjíkẹ́

Nọ́ọ̀tì kẹta ni Wándé ń tú lọ́wọ́ lára ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí Àjíkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ti ọjà Ìyànà Ọ̀fà dé pẹ̀lú ẹrù kakí lórí. Kò sọ ẹrù kalẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo orí ẹ̀rọ rẹ̀ lórí ẹní, ó ń wo ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, tòun ti kẹ̀kẹ́ irin rẹ̀, lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Dàpọ̀, kí lẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mi ṣe?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo fẹ́ fi yá a," Wándé dáhùn, kò gbójú sókè. "Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Gbogbo ìlú ló mọ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Àwọn ìjọ ti kọ́ ilé ìsìn tuntun tán, ó ku ọgọ́ta àga gbọọrọ, ẹbí kọ̀ọ̀kan ló máa ni tirẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí a gbẹ́ òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ àga kọ̀ọ̀kan. Káfíńtà tí àpẹẹrẹ iṣẹ́ rẹ̀ bá wu àwọn àgbà ìjọ ni yóò gbà á. Bí Wándé bá fi ṣísẹ́lì gbẹ́ òdòdó kan, ọjọ́ méjì ni. Ó ti ń wo ẹsẹ̀ Àjíkẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, bó ṣe ń tẹ irin tí kẹ̀kẹ́ irin ń yí tí abẹ́rẹ́ ń sáré, ó sì ń bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí irin tó ń gbẹ́gi kò lè sáré bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun ìṣeré. Ìyá Àjíkẹ́ ló ta oko kòkó kan ṣoṣo tó ní, tó fi rà á fún un lọ́dún tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, ìyá náà sì ti kú. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, aṣọ ilé-ìwé tí Àjíkẹ́ ń rán ló ń gbé oúnjẹ síwájú wọn ju pákó Wándé lọ. Wándé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ létí òun ni.

Àjíkẹ́ rò ó títí, ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n ó fi májẹ̀mú kan sí i.

"Ẹ má lu ihò kankan sí i lára."

Wándé fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó nà án sókè ọ̀run.

Ọkùnrin náà mọṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó fi pákó kan férémù, ó fi ṣéènì kẹ̀kẹ́ ológeere kan tó ti dógùn-ún so ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mọ́ irin ìgbẹ́gi. Ó gbé apá irin méjì lé e tó jọ ń rìn pọ̀: ìṣó wà lẹ́nu ọ̀kan, irin ìgbẹ́gi wà lẹ́nu èkejì. Bí ìṣó bá ń tọ etí òdòdó tí a gé sára páànù, ibi tó bá yà sí ni irin yóò yà sí lára pákó. Àjíkẹ́ fúnra rẹ̀ ló gé páànù náà, nítorí ọwọ́ rẹ̀ mọ àwòrán í gé. Àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ sì kú síbẹ̀. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ tí òdòdó mẹ́fà jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Wándé tò wọ́n ti ògiri. "Wò wọ́n. Kò síyàtọ̀ láàárín wọn."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn," Àjíkẹ́ wí. Ó ní kakí kan náà, ilé-ìwé kan náà, síbẹ̀ ìyàwó onílọ́rì a ní kí òun fi àpò méjì sí ti ọmọ rẹ̀, kó lè yàtọ̀. "Ǹjẹ́ ẹ bi àwọn àgbà ìjọ bóyá wọ́n fẹ́ kó dọ́gba?"

Wándé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ aṣọ nìyẹn, kò kan igi, kó lọ gbé oúnjẹ wá.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn àgbà ìjọ márùn-ún wọ àgbàlá. Bàbá Hezekiah ló ṣíwájú, òun ni Bàbá Ìjọ, òun ló kọ́kọ́ kọ́ ilé alájà nílùú náà, kì í sì í jẹ́ kí èèyàn gbàgbé. Wándé jókòó, ó tẹ irin, òdòdó méjì jáde níṣojú wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Hezekiah gbé ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé èkejì lọ́wọ́ òsì, ó yí wọn wò.

"Akínwándé, èwo ni tèmi nínú méjèèjì?"

"Èyí tó bá wù yín ni, bàbá," Wándé wí, ayọ̀ kún ẹnu rẹ̀. "Bí ti Bàbá Ìjọ ṣe rí ni ti agbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì máa rí."

Àjíkẹ́, tó ń gbé omi bọ̀ fún àwọn àlejò, dúró síbi tó dé. Ó ṣe é bíi kó fọwọ́ bo ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀.

"A lè gé páànù mìíràn fún yín, bàbá," Wándé tètè fi kún un.

"Bí o bá gbẹ́ tèmi tán, páànù ọ̀hún ṣì wà ńbẹ̀," Bàbá Hezekiah wí pẹ̀lẹ́. "Bó bá dọ̀la, ẹnikẹ́ni lè ní kí o gbẹ́ ẹ sára àga tòun. Ìka ò dọ́gba, ọmọ mi."

Ó dá òdòdó méjèèjì padà sórí pákó, ó dúpẹ́ omi tí kò mu, wọ́n sì lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ agbẹ́gi kan láti Ìbàdàn, tó ṣèlérí orí kìnnìún fún àga Bàbá Ìjọ nìkan.

Wándé kò jẹun fún ọjọ́ méjì. Àánú rẹ̀ ṣe Àjíkẹ́, kò sì sọ pé òun ti wí i. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé fẹ́ wọlé, kakí tó ti gé sì wà nílẹ̀ gègèrè. Nígbà tó ní kí ọkọ rẹ̀ dá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ padà lẹ́ẹ̀mẹta, tí ìyẹn ń sọ pé ó dọ̀la, ó mú sípánà fúnra rẹ̀. Ó tú ṣéènì, ó fi àkísà nu gíríìsì kúrò lára kẹ̀kẹ́ irin. Ihò mẹ́rin ló rí. Láti ara ìkẹrin, irin ti là dé etí ibi tí awọ tó ń yí orí ẹ̀rọ ń gbà, irú irin bẹ́ẹ̀ kì í sì í gba jíjó pọ̀ lọ́dọ̀ wẹ́dà.

"Ẹ búra fún mi," ó wí.

"Ṣéènì ò ní dúró láìsí ihò." Wándé kò lè wò ó lójú. "Mo rò pé bí iṣẹ́ bá bọ́ sí i, màá ra tuntun fún ọ."

"Ọjọ́ wo lẹ lù ú?"

"Ọjọ́ kejì tí mo búra."

Èyí ló dun Àjíkẹ́ ju ihò fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tó ń gé páànù tí àlùmọ́gàjí rẹ̀ fi kú, tí àwọn méjèèjì jọ ń rẹ́rìn-ín, ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà níbẹ̀. Ó wọ yàrá, ó di kakí. Adétutù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń ránṣọ ní Moniya, Dàpọ̀ ọmọ wọn sì wà lọ́dọ̀ ìyá Wándé ní Akínyẹlé, kò jìnnà síbẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ kọ̀ mí ni?" Wándé bi í.

"Iṣẹ́ ni mò ń lọ ṣe. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tó pé wá sí Moniya, ẹ ó bá mi níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnu lẹ fẹ́ gbé wá, ẹ jókòó yín."

Wándé ní kí òun bá a ru ẹrù dé ìdí lọ́rì, Àjíkẹ́ ní rárá. Ó fi kakí kọ́ apá, ó ká òṣùká, ó gbé orí ẹ̀rọ lérí. Ó wúwo, ó sì mọ̀ pé kò ní wúlò lọ́dọ̀ Adétutù, tó ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Síbẹ̀ kò jẹ́ fi í sílẹ̀ nínú ilé náà. Ó gbé e kọjá níwájú òdòdó mẹ́fà tó tò ti ògiri, ó sì yà sójú títì.